Ẹ ò fi líǹkì ránṣẹ́, báwo ni wọ́n ṣe rí fáìlì yín lórí Drive?

Níbi iṣẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀, ọmọbìnrin kan nínú wa tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí ojú ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan lórí Google Drive. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ ló ń wá. Ìwé owó oṣù gbogbo wa ló jáde sí i. Kó tó di ọ̀sán, oníkálukú ti mọ iye tí ẹnì kejì ń gbà. Bọ̀dá kan tó ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀ wá rí i pé ọmọ tuntun ń gbà ju òun lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Akáúntáǹtì búra pé òun ò fi líǹkì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ló sì sọ o.

Bí àkáǹtì yín bá jẹ́ ti iléeṣẹ́, tí ẹ bá tẹ Share, ẹ wo abẹ́ General access. "Restricted" ni pé àwọn tí ẹ dárúkọ nìkan ló lè ṣí i. "Anyone with the link" ni pé ẹnikẹ́ni tí líǹkì bá tẹ̀ lọ́wọ́ lè wọlé, ì báà jẹ́ ará ìta. Èyí tó ń jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ yín gan-an ni ìjàngbọ̀n wà. Ó lè jẹ́ pé àfi òṣìṣẹ́ tó bá ní líǹkì, ó sì lè jẹ́ pé òṣìṣẹ́ èyíkéyìí tó bá ṣáà ti wá a máa rí i. Admin iléeṣẹ́ lè yan èyí kejì yìí fún gbogbo fáìlì tuntun, kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ má tiẹ̀ mọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akáúntáǹtì wa nìyẹn.

Ẹ má rò pé ẹ ti fi pamọ́ torí ẹ sọ fáìlì ní "Untitled". Drive máa ń ka inú fáìlì, títí kan ọ̀rọ̀ tó wà nínú fọ́tò àti PDF. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì tí ẹ bá jù sínú fólídà tí gbogbo ọ́fíìsì ń wò, àwọn náà á máa wò ó.

Ẹ tẹ owner:me síbi tí ẹ ti ń wá nǹkan, gbogbo fáìlì tó jẹ́ tiyín á jáde. Ìwé owó oṣù, CV, èsì àyẹ̀wò ọsibítù, lẹ́tà query: ẹ yí wọn sí Restricted, kí ẹ wá dárúkọ àwọn tó kàn. Ẹ tún tẹ àmì tó dà bíi jíà lókè, kí ẹ gba àṣẹ àtifún ẹlòmíì lọ́wọ́ àwọn Editor, torí wọ́n ní in láti ìbẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìsinmi ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn rí i jàre.

Ti Microsoft yàtọ̀ díẹ̀. Lórí OneDrive, líǹkì tí ẹ ṣe fún gbogbo iléeṣẹ́ kì í gbé fáìlì síwájú ẹni tó ń wá nǹkan, àfi tí onítọ̀hún bá ti ṣí líǹkì náà rí.

Wọ́n yí ìwé owó oṣù yẹn sí Restricted lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti yà á sórí fóònù wọn.