Ọ̀sìn Ni, Kì í Ṣe Àṣà

Inú bí mi nígbà tí mo ka ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ fún àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, tí mo sì bá "àyẹ̀wò àṣà ìgbẹ́" níbẹ̀. Olùtúmọ̀ rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, "culture", tó ní ìtumọ̀ méjì, ó sì mú èyí tó jẹ mọ́ ijó àti ìwọṣọ. Ta ló máa kà á tí yóò mọ̀ pé kòkòrò àrùn ni wọ́n ń wá?

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí kò le. Ìfun ni ìfun, àyẹ̀wò ni àyẹ̀wò. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Brachyspira hyodysenteriae tó ń fà á lára ẹlẹ́dẹ̀, kó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ. Ágà (agar), ohun tí kòkòrò ń hù lórí rẹ̀ nílé àyẹ̀wò, ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àwọn Malay ni, Gẹ̀ẹ́sì yá a, àwa náà lè yá a.

Àwọn kan fẹ́ "ìgbìn" dípò àṣà. Bí kò bá sí àmì ohùn lórí rẹ̀, ìgbín ni òǹkàwé máa rí. Ọ̀sìn ni tèmi. Ohun tí a bá ń sìn, a máa ń bọ́ ọ, a máa ń wá ibùgbé tó bá a lára mu fún un, a sì máa ń retí kó pọ̀ sí i. Ẹ wo ilé àyẹ̀wò: wọn a fi ìgbẹ́ ra ojú ágà tí wọ́n po ẹ̀jẹ̀ mọ́, wọn a dé e sínú ohun tí kò ní ọ́síjìn, wọn a jẹ́ kó wà nínú ooru bí ìwọ̀n 37 sí 42 fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ọ̀sìn ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹnì kan lè ní "sin kòkòrò" jọ "sin òkú". Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ là ń sọ pé a ń sin adìẹ, kò sì sẹ́ni tó ń gbẹ́ ilẹ̀.

Èyí tó bá jẹyọ lójú ágà, ó hù, bí olú ṣe ń hù. Brachyspira yìí máa ń hù pẹrẹsẹ, ẹ̀jẹ̀ abẹ́ rẹ̀ a sì mọ́ gaara.

Níbi Lawsonia intracellularis, kòkòrò àrùn ìfun ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn, ni ọ̀rọ̀ méjèèjì, sìn àti hù, ti wúlò jù. Inú sẹ́ẹ̀lì alààyè nìkan ló ti ń pọ̀ sí i, nítorí náà àyẹ̀wò PCR, tó ń wá DNA rẹ̀, ni wọ́n fi ń wá a nínú ìgbẹ́. Bí èsì àyẹ̀wò bá ní "kò hù", ọlọ́sìn á rò pé ẹlẹ́dẹ̀ òun kò ní in. "Kò ṣeé sìn lórí ágà" ló yẹ kí wọ́n kọ.