Kòkòrò Ajaṣọ: Ìtàn Orúkọ àti Oúnjẹ Rẹ̀

Àfòpiná ni Yorùbá ń pe kòkòrò abìyẹ́ tó máa ń fò sínú iná fìtílà. Nínú Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther léwájú nínú ìtumọ̀ rẹ̀, kòkòrò lásán ni a pe èyí tó ń ba aṣọ jẹ́. Orúkọ méjèèjì kò jẹ́ kó hàn pé ìran kan náà ni wọ́n.

Nínú ìran ajaṣọ, idin ló ń jẹun. Èyí tó ti hu ìyẹ́ kì í jẹun mọ́. Lára ògiri ilé ní Ṣómólú àti Bàrígà, a máa ń rí idin kan tó ń wọ́ àpò pẹlẹbẹ tó fi òwú ara rẹ̀ àti iyanrìn ṣe. Irun àti òwú aláǹtakùn tó ti gbó wà lára oúnjẹ rẹ̀.

Linnaeus sọ ọ̀kan nínú àwọn aláàpò yìí lórúkọ ní 1758. Ní 1852, Zeller ṣàpèjúwe ìbátan wọn kan láti gúúsù Áfíríkà, tí idin rẹ̀ ń jẹ ìwo ẹran. Àwọn onímọ̀ jiyàn pẹ́ bóyá ìwo ẹran ààyè ló ń jẹ. Ti òkú ẹran ni ẹ̀rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kẹ́rátìnì, èròjà inú irun, ìyẹ́ àti ìwo, kì í dà nínú ọ̀pọ̀ ẹranko, ṣùgbọ́n ó ń dà nínú idin wọ̀nyí.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń jẹ aṣọ onírun àgùntàn, tí aṣọ òkè olówùú tó mọ́ kì í sì í wù wọ́n, àfi èyí tí òógùn àti ọ̀rá bá ti wọ̀. Nítorí náà, pípa àfòpiná ìdí àtùpà kò lè dáàbò bo ẹ̀tù tí a jogún. Fífọ̀ ọ́ mọ́ kí a tó kó o sínú àpótí ló lè ṣe é.