Àbàwọ́n tó lẹ̀ mọ́ táìlì ìta: ohun tó ń mú un kúrò, àti àdàlù tó lè pa èèyàn

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kó kúrò nílé tí mo háyà ní Tanke, níbí ní Ìlọrin, baba onílé yẹ gbogbo yàrá wò, wọn ò rí nǹkan kan wí. Àfi ìgbà tí wọ́n dé fàràńdà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí abẹ́ páìpù táńkì, níbi tí omi ti ń kán fún ọdún mẹ́ta, tí táìlì funfun ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n da osùn sí i. Wọ́n ní, "Èyí ńkọ́?" Mo mọ̀ pé owó káúṣọ̀n mi ni wọ́n ń wò yẹn.

Ohun tí mo ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Mo da bílíìṣì sí i, kò gbọ́. Inú bí mi, mo da toilet wash lé e lórí. Kí n tó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀fun mi ti ń ta, ojú ń ta mí, ikọ́ ti dé. Ọlọ́run ló yọ mí pé ìta ni mo wà, tí atẹ́gùn ń fẹ́.

Bílíìṣì, ì báà jẹ́ Hypo ì báà jẹ́ Jik lẹ ń rà, sodium hypochlorite ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ toilet wash sì jẹ́ ásíìdì. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, gáàsì chlorine ló ń jáde. Gáàsì yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, nílẹ̀ Belgium, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin, ọdún 1915. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tó ń fọlẹ̀ gbé imú rẹ̀ sí. Ẹ má gbàgbé pé fínígà àti ọsàn wẹ́wẹ́ náà, ásíìdì ni wọ́n. Ohun tó bá ní ammonia nínú, gáàsì olóró mìíràn lòun náà ń bá bílíìṣì ṣe. Torí náà, ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, ẹ fi omi púpọ̀ ṣan ti àkọ́kọ́ kúrò pátápátá, ó tiẹ̀ sàn kó di ọjọ́ kejì. Bó bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró nu ún, ẹ sá lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti dáa. Bó bá ta sí ojú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán. Bí mímí bá wá ń ṣòro, ilé ìwòsàn yá.

Kí ló dé tí bílíìṣì ò ran tèmi? Torí pé irin ni àbàwọ́n náà. Irin máa ń wà nínú omi kànga ẹlẹ́rọ, ṣùgbọ́n ó ti yòrò síbẹ̀. Ẹ bù ú sínú ife, ó mọ́ gaara. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ló ń di pupa. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí irin inú lítà omi kan bá ti ju 0.3 miligíráàmù lọ, ó máa ń kó àbàwọ́n bá aṣọ àti páìpù. Bílíìṣì kì í mú irin kúrò, ńṣe ló tún ń mú kó dógùn-ún sí i. Ásíìdì tí kò le ló mọ̀ ọ́n. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ wọ́n iyọ̀ lé e, ẹ fi àkísà tútù bò ó kó má gbẹ, ó di ààbọ̀ wákàtí. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì oníke fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ ṣan án. Kànìnkànìn onírin kọ́ o! Èérún rẹ̀ á há sára táìlì, á dógùn-ún, ẹ ó tún padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ mábù tàbí tẹ̀rásò ló wà nílẹ̀, ẹ má fi ọsàn kàn án, ásíìdì ń jẹ ẹ́.

Ẹni tó bá ti dé Dada ní Òkèlele, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń mọ ìkòkò, á mọ̀ pé ìkòkò omi máa ń làágùn. Amọ̀ tí wọ́n sun ní ihò wẹ́wẹ́. Amọ̀ tí wọ́n sun náà ni táìlì. Èyí tó ń dán, àbàwọ́n ń dúró lókè rẹ̀. Èyí tó rí gbágungbàgun tí wọ́n ń lẹ̀ síta kẹ́sẹ̀ má baà yọ̀, ó máa ń gbà á sára. Ìdí nìyẹn tí kéèyàn fi í sílẹ̀ díẹ̀ fi dáa ju kéèyàn máa fagbára ha á lọ.

Ti ìgbà òjò yàtọ̀: ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù níbi tí oòrùn kì í dé. Àgbà tó bá yọ̀ ṣubú níbẹ̀ lè ṣẹ́ egungun ìbàdí, ẹ má fojú di í. Ibẹ̀ ni bílíìṣì ti wúlò: ife kan sí ife omi mẹ́wàá, ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó ṣàn dé ìdí ewédú yín. Bí omi bá ṣì ń dárogún síbẹ̀, á tún hù.

Ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ ò fẹ́ ìdúró. Ẹ da lẹ́búlẹ́bú igi láti sọ́míìlì lé e, kó fà á mu di ọjọ́ kejì. Ẹ gbá a, kẹ́ ẹ wá fi omi gbígbóná po ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú kó ki, ẹ fi pa á fún wákàtí kan. Àwọn kan á ní pẹtiróòlù ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀? Ẹ gbàgbé ẹ̀. Erùpẹ̀ pupa àti eruku ọyẹ́ ní tiwọn, ẹ gbá wọn ní gbígbẹ kómi tó kàn wọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹrẹ̀ lẹ ń pò.

Tèmi gba ọsàn wẹ́wẹ́ bíi ogún àti ọjọ́ méjì, lẹ́yìn tí púlọ́ńbà ti kọ́kọ́ dí páìpù tó ń kán. Baba onílé wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀, wọ́n fi ìka pa á. Wọ́n san owó káúṣọ̀n mi. Wọ́n yọ owó gílóòbù méjì.