Gbèsè, Ìwọ̀fà àti Òfin Àìlèsangbèsè ní Nàìjíríà

Àìlèsangbèsè ni ipò tí ilé-ẹjọ́ máa ń kéde pé ẹnì kan wà nígbà tí agbára rẹ̀ kò bá ká gbèsè tí ó jẹ mọ́. Òfin tí ó ń darí ọ̀rọ̀ náà ní Nàìjíríà ni èyí tí ìjọba ológun ṣe ní 1979, tí a fi òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àwòkọ́ rẹ̀. Ó gba onígbèsè láàyè láti fúnra rẹ̀ tọ ilé-ẹjọ́ lọ, bí kò tilẹ̀ ní agbẹjọ́rò. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń lò ó. Ìtàn fi ìdí rẹ̀ hàn: fún ìgbà pípẹ́, onígbèsè àti ẹbí rẹ̀ gan-an ni olówó ń dì mú.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó yá owó lè fi ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó ni ó dúró fún èlé. Kò dín ojú owó kù rárá. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ọjọ́ tí a bá sì san ojú owó ni ó bọ́. Níbi tí kò ti sí ìwọ̀fà, olówó lè rán ológò lọ dógò ti onígbèsè. Ológò yóò jókòó sí ilé náà, yóò máa pariwo, yóò sì máa pa adìyẹ tàbí ewúrẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà títí owó yóò fi jáde. Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ ní àwìn a máa lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà tí owó rẹ̀ ti pé; ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ Òṣómàáló.

Ní Calabar, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń kó ọjà fún àwọn oníṣòwò Efik ní àwìn, wọ́n sì ń gba ènìyàn ní ìdógò, tí àwọn ọmọ ẹbí oníṣòwò náà wà lára wọn. Bí ẹrú tí a ṣèlérí kò bá dé kí ọkọ̀ tó ṣí, wọ́n lè gbé ẹni ìdógò kọjá òkun. Ẹgbẹ́ Ekpe ni ó ń fi ipá gba gbèsè láàárín ìlú.

Ní àwọn ìlú Mùsùlùmí ti àríwá, òfin Maliki gba ọ̀nà mìíràn. Adájọ́ lè ta ohun ìní onígbèsè, kí ó pín owó rẹ̀ fún àwọn olówó ní ìwọ̀n ohun tí ó jẹ oníkálukú, kí ó sì fi aṣọ sílẹ̀ fún un. Èyí ni ó súnmọ́ òfin òde-òní jù.

Lábẹ́ òfin 1979, olówó tí a jẹ ní ₦2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè pe ẹjọ́. Onígbèsè náà lè kọ ìwé sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ pé òun kò lè san gbèsè òun. Bí ó bá ti fi ìwé náà sílẹ̀, kò lè gbà á padà láìgba àṣẹ adájọ́. Yóò búra sí àkójọ ohun ìní àti gbèsè rẹ̀, àwọn olówó yóò pàdé, a ó sì bi í léèrè ní gbangba. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan lórí bí yóò ṣe san án, a ó kéde rẹ̀, a ó sì ta ohun ìní rẹ̀, yàtọ̀ sí irinṣẹ́ àti aṣọ tí òfin dá sí. Lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ bá tú u sílẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú gbèsè àtẹ̀yìnwá kò lè lé e mọ́.

Àǹfààní yìí ní ìjìyà tirẹ̀. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 kò gba ẹni tí a kò tíì tú sílẹ̀ láàyè láti du ipò Ààrẹ, gómìnà tàbí aṣòfin. Ìbéèrè ní gbangba sì wúwo láàárín àwọn tí ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ń bẹ olówó, wọ́n ń fi àgbà ẹbí ṣe alárinà, tàbí kí wọ́n sá kúrò ní ìlú. Àwọn olówó mìíràn sì ń lọ pe ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tí kò mú ṣẹ nìkan.