Ìmọ̀ Ọ̀nà Ló Ń Ṣáájú Ọ̀bẹ: Ìtàn Iṣan Ọrùn

Bismillāhi-r-Rahmāni-r-Rahīm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ènìyàn ní ìdá tó dára. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí, ẹ rọra fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ gògóńgò yín. Ohun tó ń lù kì-kì-kì níbẹ̀ ni iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí. Ọ̀kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì. Méjì mìíràn tún gba inú egungun ọrùn gòkè. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń bọ́ ọpọlọ. Ní èdè Lárúbáwá, ash-shiryān as-subātī ni orúkọ iṣan ti ẹ̀gbẹ́ gògóńgò náà. Ẹni tó bá ti ka Súrà An-Naba' yóò dá subāt mọ̀: ọ̀rọ̀ oorun ni. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ gbà pé bí wọ́n bá tẹ iṣan náà, ènìyàn a dákú bí ẹni tó sùn. Ẹ má dán an wò o! Kì í ṣe òun ni al-warīd inú Súrà Qāf. Lédè ìṣègùn, warīd ni iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn.

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn Mùsùlùmí kan wà ní Andalus, nítòsí Kọ́dóbà. Orúkọ rẹ̀ ni Abul-Qāsim az-Zahrāwī. Ìwé rẹ̀, At-Tasrīf, ní apá 30, apá tó kẹ́yìn sì dá lórí iṣẹ́ abẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ apá náà, ó sọ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí. Oníṣègùn aláìmọ̀kan kan la kókó ọrùn obìnrin kan, ó sì gé iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ ń dà títí obìnrin náà fi kú níwájú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí az-Zahrāwī fà yọ ni pé ẹni tí kò bá mọ ètò inú ara kò gbọdọ̀ gbé ọ̀bẹ.

Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó. Ìwé lè sọ bí iṣan ṣe rí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò lè sọ bó ṣe rí lára ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní 1895, Röntgen ará Jámánì rí ìtànṣán ẹ́síréè, egungun sì hàn, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò hàn. Ní 1927, Egas Moniz ní ìlú Lisbon fa oògùn kan sínú iṣan ọrùn, ó sì ya àwòrán bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú ọpọlọ. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó léwu.

Ọdún 1927 yẹn náà ni wọ́n bí Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di dókítà iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ní 1962, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní UCH Ìbàdàn. Kò sí ẹ̀rọ CT níbikíbi láyé nígbà náà. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí Godfrey Hounsfield ṣe yẹ orí aláìsàn wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Odeku kú ní 1974, kí ẹ̀rọ náà tó tàn káàkiri.

Lónìí, wọ́n á fa oògùn sínú iṣan apá, ẹ̀rọ á yí aláìsàn ká, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ egungun àti iṣan á hàn pọ̀. Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì bí kókó bá wà ní ìsàlẹ̀ agbárí? Iṣan ọrùn wọ ihò kan nínú egungun nítòsí etí, ó lọ́ bí ejò kó tó dé ọpọlọ. Kókó lè tì í sápá kan, ó sì lè wé mọ́ ọn. Lára ẹlòmíràn, iṣan náà tẹ̀ wá sí ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun. Lára ẹlòmíràn, egungun tó bò ó fẹ́lẹ́. Lára àwọn kan, iṣan tó so ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì nínú orí kò pé, tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì kò lè gbà á sílẹ̀. Àṣìṣe díẹ̀ níbẹ̀ lè fa ikú tàbí àrùn rọpárọsẹ̀.

Nítorí náà, bí dókítà bá ní kí bàbá tàbí ìyá yín lọ ṣe CT kó tó ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ má kàn sọ pé owó ni wọ́n ń wá. Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ wò. Ẹ sọ fún wọn bí aláìsàn bá ní àrùn kíndìnrín, bó bá lóyún, tàbí bí oògùn kan bá ti bá ara rẹ̀ jà rí. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: ẹni tó ń ti Ìjẹ̀bú-Imùṣin lọ sí Ìbàdàn fúngbà àkọ́kọ́ ń béèrè ọ̀nà, áńbọ̀sì ọ̀bẹ tó fẹ́ wọ ìdí ọpọlọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun kò ní ká má wo ibi tí à ń lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilé kéwú, iṣẹ́ az-Zahrāwī kò tíì parí. Ta ni nínú yín tí yóò gbà á ṣe?

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣe àǹfààní. Āmīn.