Ojú Àlejò ní Anloga Junction

Àlejò lójú, kò fi ríran. Àwọn àgbà kò pa òwe yìí láti fi bú àlejò. Ohun tí wọ́n rí ni pé ojú nìkan kò tó láti fi mọ ìlú. Ó ń fẹ́ àkókò, ó sì ń fẹ́ onílé tí yóò là á yéni. Àwọn Asante náà ní irú rẹ̀: wọ́n ní ojú àlejò tóbi, àmọ́ kò fi rí inú ìlú. Nítorí náà, tọkọtaya tó bá fẹ́ràn ìrìn-àjò ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹ lọ jókòó sí Anloga Junction ní Kumasi, ìlú àwọn Asante ní Ghana.

Ẹni tó bá wọkọ̀ kọjá níbẹ̀, ọkọ̀ tròtrò àti èrò ni yóò rí. Ẹni tó bá dúró ni yóò gbọ́ pé ìlú àwọn Ewe kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, Anloga, wà lẹ́bàá ọ̀sà Keta, ní ìlà-oòrùn Ghana. Òun náà ni wọn yóò sọ fún pé àwọn káfíńtà àti àwọn oníṣòwò pákó ló sọ ìkóríta yìí di olókìkí, kí ìjọba tó kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí àdúgbò Sokoban.

Ẹ wá wo fùfú wọn níbẹ̀. Kì í ṣe tiwa tí a ń rẹ sómi. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí wọ́n sè ni wọ́n ń gún. Odó wọn kò jinlẹ̀, ọmọ odó sì gùn ju ènìyàn lọ. Ẹnì kan á dúró máa gún, ẹnì kejì á jókòó ti odó, á máa fọwọ́ yí i. Ọwọ́ á wọlé nígbà tí ọmọ odó bá gbéra, á sì ti jáde kó tó balẹ̀. Ní ìdí iyán tiwa, gbogbo ẹni tó ń gún ló ń dúró. Tí wọ́n bá gbé fùfú náà fún ọ, inú ọbẹ̀ ni yóò wà, gbígbé mì ni, wọn kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu. Àlejò ọjọ́ kan á jẹun, á sanwó, á lọ. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fi ọ́ jókòó ti odó.

Ojú ẹnì kan kò lè rí gbogbo rẹ̀ tán; ìdí nìyí tí ó fi dára kí ẹni méjì jọ lọ. Ọkọ lè lo ọ̀sán lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ igi ní Ahwiaa lẹ́bàá Kumasi, kí ìyàwó wà ní ìdí oníwàkyé, ẹni tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Bílẹ̀ bá ṣú, kálukú á sọ èyí tí ẹnì kejì kò rí.

Àwọn baba àti ìyá wa ti ṣe irú ìrìn yìí rí. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjígbò, Ọ̀ffà àti Ṣakí ni wọ́n ti gba Dahomey àti Togo lọ sí Gold Coast, tí í ṣe Ghana òde òní, ọkọ pẹ̀lú òwò tirẹ̀, ìyàwó pẹ̀lú tirẹ̀, wọ́n ń dúró níbi tí ọjà bá ti tà. Wọ́n gbọ́ Twi, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lé kì í ṣe àlejò mọ́.

Lónìí, àwọn tọkọtaya ń lọ gbé Chiang Mai ní Thailand, tàbí Luang Prabang ní Laos, tí UNESCO fi sínú àkójọ ohun-ìní àgbáyé ní 1995. N kò rí àléébù níbẹ̀. Àmọ́ àwọn ilé àtijọ́ Asante ti wà nínú àkójọ kan náà láti 1980, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Besease lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ejisu, èyí tí èèyàn lè wọkọ̀ dé láti Anloga Junction. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 sì fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti lo 90 ọjọ́ ní Ghana láìgba físà.

Ẹ lo púpọ̀ nínú 90 ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ni àjọ̀dún Akwasidae máa ń bọ́ sí, ní ọjọ́ Àìkú, tí àwọn ìjòyè á wá kí Asantehene, ọba àwọn Asante, ní ààfin Manhyia pẹ̀lú ìlù àti agboòrùn ńlá. Tọkọtaya tó bá gbé Kumasi fún oṣù méjì kò lè ṣaláì bá a. Ẹni tó wá lo ọjọ́ mẹ́ta, àfi bí ó bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀.