Métírò: Ọmọ Tí A Sọ Lórúkọ Kí A Tó Bí I

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà ní Èkó tí a sọ lórúkọ ní ogójì ọdún kí a tó bí i. Métírò lorúkọ rẹ̀.

Ní 2023, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Apple Junction, mò ń lọ sí Mile 2. Ọmọdékùnrin kan tó jókòó tì mí béèrè pé, “Bùrọ̀dá, kí ni ìtumọ̀ métírò?” N kò rí èsì fún un. Ojú tì mí, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mò ń pe ara mi. Mo bá lọ wádìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Wọ́n pe ìyá ní mētēr, wọ́n pe ìlú ní polis. Ìlú tí ènìyàn ti ṣí lọ tẹ ìlú mìíràn dó ni ìyá ìlú, bí Ilé-Ifẹ̀ ti jẹ́ fún wa. Nígbà tó yá, gbogbo ìlú ńlá ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ní 1863, ilé-iṣẹ́ Metropolitan Railway ṣí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Paris ṣí tirẹ̀, métropolitain, ní 1900. Àwọn ará ìlú gé e kúrú sí métro. Bí ìyá ṣe di ọkọ̀ nìyẹn! Ọ̀rọ̀ náà rìn títí dé Kolkata ní Íńdíà, níbi tí ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1984. Òun náà ni àwọn tó ń sọ èdè Bengali ń pè é.

Ní Èkó, rélùwéè kò fi ara pamọ́: ní 1901 tí ọ̀nà irin dé Ìbàdàn, ojú rí i, ẹnu sì pè é. Ti métírò yàtọ̀. Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Metroline ní 1983. Ìjọba ológun Buhari fagi lé e ní 1985. Ọkọ̀ kò dé, ṣùgbọ́n orúkọ kò padà. Ní January 2023, Buhari kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló wá ṣí Blue Line. Ní September 4, èrò bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ọ́ láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13.

Bí mo bá tún rí ọmọ náà, n ó sọ fún un pé ìyá ni métírò. Ní ọdún náà, ìyá dúró sí Mile 2. Àwa ọmọ rẹ̀ ní Festac fi kẹ̀kẹ́ lọ pàdé rẹ̀.